Don't, Can't, Won't: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ẹnu Ń Gé Kúrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà dé, tẹ́ ẹ gbé ìwé sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé omi kaná, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì sọ pé “I am”, “do not”, “cannot”, “it is”. A há a sórí, a mọ̀ ọ́n kọ, a mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ síta, tí Gẹ̀ẹ́sì ń tú jáde lẹ́nu èèyàn, ohun tí à ń gbọ́ ni “I'm”, “don't”, “can't”, “it's”. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ. Á ní ọdún tóun fi kọ́ ọ ti ṣòfò, pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó mọ̀ ọ́n o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi hàn án ni bí ẹnu ṣe ń pa ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Àwọn olùkọ́ kan tilẹ̀ ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀lẹ ló ń sọ “don't”, pé ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á sọ “do not”. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ “don't”, awakọ̀ ní New York ń sọ ọ́, adájọ́ náà ń sọ ọ́ nígbà tó bá délé tó jókòó ti oúnjẹ. Ó ní òfin tirẹ̀, ó sì ní ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Ẹni tí wọn ò bá kọ́, wọ́n ti fi apá kan èdè náà dù ú.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń sún mọ́ra. Ìkejì á pàdánù lẹ́tà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. “I am”: “a” inú “am” lọ, “m” ló kù, ó di “I'm”. “We are” di “we're”. “I have” di “I've”. “She will” di “she'll”, níbẹ̀ “w” àti “i” ló jọ lọ. Tí a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi àmì kékeré kan sí ibi tí lẹ́tà ti sọnù. Ó dà bíi kọ́mà, àmọ́ òkè ló wà. Àpọ́sítírọ́fì ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, láàárín ọdún 1500 sí 1600.

Ẹ ṣọ́ra níbi “don't”. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àmì yẹn sáàárín “do” àti “n”, torí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Kì í ṣe ibi ìpàdé là ń sàmì sí. Ibi tí nǹkan ti sọnù ni. “O” inú “not” ló lọ, nítorí náà àárín “n” àti “t” ni àmì náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú “isn't”, “didn't”, “haven't”, gbogbo wọn pátá.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gé báyìí. “Am”, “is”, “are”, “have”, “has”, “had”, “will”, “would”, àti “not”: àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wá fi “us” inú “let's” kún un. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀nba yìí ti mọ èyí tó máa gbọ́ jù lójúmọ́.

Ẹnu Yorùbá pàápàá mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ta ló ń sọ pé “mo fẹ́ ra aṣọ”, tó máa pe “ra” lọ́tọ̀, tó máa pe “aṣọ” lọ́tọ̀? “Mo fẹ́ raṣọ” là ń sọ. “Ní ilé” di “nílé”, “ní owó” di “lówó”, “kí ni ó dé” di “kí ló dé”. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu jù lójú tèmi ni “màá lọ”. “Mo” àti “máa” ló wọnú ara wọn, bí “I” àti “will” ṣe di “I'll”. “Èmi kò mọ̀” di “mi ò mọ̀”, bí “I do not know” ṣe di “I don't know”. Ẹ ṣí ìwé orin Yorùbá àtijọ́ wò, èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó rí “l'ọ́run”, ẹ ó rí “s'ọ́dọ̀”, pẹ̀lú àmì òkè kan náà. Àkọtọ́ òde òní ló yọ ọ́ kúrò. Ìyá àgbà tó ti ń fi ìwé orin yẹn kọrin láti kékeré ti ń ka àpọ́sítírọ́fì tipẹ́tipẹ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Nítorí pé ẹnu ló ń dá a sílẹ̀, etí ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi kíkọ ṣe ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ló gbé e dorí kodò: wọ́n ń da àpọ́sítírọ́fì rú lójú akẹ́kọ̀ọ́ lórí pátákó, etí rẹ̀ ò sì tíì gbọ́ “she'll” rí.

Ibi tí gbígbọ́ ti le jù, tó sì lè náni lówó gidi, ni “can” àti “can't”. Ká ní ìyá oníṣòwò kan ń bá oníbàárà rẹ̀ tó wà ní Houston sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Oníbàárà ní, “I can't pay on Friday.” Ohun tí ìyá gbọ́ ni “I can pay on Friday.” Ó di ẹrù, ó kó o fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù. Ọjọ́ Ẹtì dé, owó ò dé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, oníbàárà náà ń bínú, kálukú ń sọ pé èkejì ò lóòótọ́. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kì í pe “t” tó wà nídìí “can't” síta. Ọ̀fun ni wọ́n fi ń dá a dúró, kì í jáde. Ẹni tó bá ń retí “t” yẹn á retí títí. Ìwúwo ọ̀rọ̀ náà ni kẹ́ ẹ fetí sí. Tó bá jẹ́ “can” lásán, wọ́n á sáré kọjá lórí rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi “kin”, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á fi agbára pè: I kin PAY. Tó bá jẹ́ “can't”, wọn ò ní sáré. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fáwẹ́lì rẹ̀ á jáde ní kíkún: I CAN'T pay. Ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rọrùn díẹ̀ fún etí wa, torí pé wọ́n máa ń fa fáwẹ́lì “can't” gùn, “káànt”, kò sì jọ “can” mọ́. Bó ti wù kó rí, bí owó bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ má fi etí nìkan ṣe é. Ẹ bi onítọ̀hún léèrè: “You can pay, or you cannot pay?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ sọ “cannot” ní kíkún, kó má sí ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣì gbọ́.

“Won't” náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí pé, báwo ni “will not” ṣe di “won't”? Kí ló dé tí kì í ṣe “willn't”? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Láyé àtijọ́, oríṣi “will” kan wà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ “wol”. Láti ara “wol not” ni “won't” ti jáde. Nígbà tó yá “wol” kúrò nílẹ̀, “will” ló kù, ṣùgbọ́n “won't” kò bá a lọ.

Ewu ibẹ̀ fún àwa ọmọ Yorùbá ni pé “won't” àti “want” máa ń di ọ̀kan náà lẹ́nu wa, èdè wa gan-an ló sì fà á. Fáwẹ́lì àránmúpè tí Yorùbá ní ni an, ẹn, in, ọn, un. Kò sí “on” níbẹ̀. Bí “o” bá ti pàdé “n” nínú “won't”, ẹnu wa á yà sí “ọn” tó ti mọ́ ọn lára, ó di “wọnt”. “Wọnt” sì rèé, bí a ṣe ń pe “want” nìyẹn. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nídìí ìwé àdéhùn: “I want to sign” àti “I won't sign”. Ẹnìkan ń wá gègé tí yóò fi buwọ́ lùwé, ẹnìkejì ń dìde ńlẹ̀. Bí a ṣe máa tún un ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pe “wo” bí ẹni tó fẹ́ sọ pé “wò ó”. Ẹ ká ètè, ẹ fà á díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi “n” àti “t” tì í nídìí: wo-o-o, won't. Ẹ pè é níbi tẹ́ ẹ wà. Wo-o-o, won't. Tó bá kan “want”, ẹ la ẹnu sí i: wọ, want. Ẹ má dúró de olùkọ́ kan kẹ́ ẹ tó máa ṣe èyí, ó ṣe é ṣe nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣe é ṣe nínú ọkọ̀.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìbéèrè, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣàkóbá fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn tilẹ̀ já gaara. Bí ẹnìkan bá bi mí ní Yorùbá pé, “Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?”, tí mi ò bá tíì jẹun, mo lè dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ rò nípa mi, bó ṣe rí nìyẹn, mi ò tíì jẹun. Gẹ̀ẹ́sì kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. “Haven't you eaten?” Tí mi ò bá tíì jẹun, “No” ni ìdáhùn mi: “No, I haven't.” Bí mo bá sọ “Yes”, mo ti sọ pé mo jẹun nìyẹn, wọ́n sì lè gbé oúnjẹ kúrò níwájú mi. Yorùbá ń dá ẹni tó bèèrè lóhùn, bóyá ohun tó rò bá òótọ́ mu. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ọ̀rọ̀ jíjẹun náà fúnra rẹ̀, bóyá ó ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ti ọ̀kan dáhùn nínú èkejì.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó dúró níwájú òṣìṣẹ́ tó ń fúnni ní físà. Wọ́n bi í pé, “Don't you have family in Nigeria?” Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, òun ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ní Yorùbá, ó ń sọ pé, “Rárá o, mo ní.” Ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni “No”. Lójú ẹni tó bi í, ó ti sọ fúnra rẹ̀ pé òun ò lẹ́bí kankan nílé. Kò parọ́, kò sì gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì ló kọlura lórí ahọ́n rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún ni pé bí ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “don't”, “haven't”, “aren't”, “didn't”, kí “yes” tàbí “no” má dá dúró lẹ́nu wọn. Kí wọ́n fi gbólóhùn odindi tì í: “I have a wife and three children.” Bí ẹ bá ti sọ ìyẹn, kò tilẹ̀ pọn dandan kí “yes” tàbí “no” wà níbẹ̀.

Òfin kan tún wà tí àwọn ìwé kéékèèké kì í sábà kọ. Wọ́n bi yín pé, “Are you the tailor?” Ẹ lè sọ pé, “Yes, I am.” Ẹ ò lè sọ pé, “Yes, I'm.” Bí “am”, “is”, “are”, “have” tàbí “will” bá gbẹ̀yìn gbólóhùn báyìí, a kì í gé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn tí a bi wọ́n pé “Ta nìyẹn?”, “Èmi ni” ni wọ́n á wí. Kò sẹ́ni tó ń sọ “Mo ni”. “Mo” fúyẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fara tì. Àwọn tó bá ní “not” nínú ló lágbára tó láti gbẹ̀yìn: “No, I don't.” “No, she can't.” Ìyẹn tọ̀nà.

Kí n yára kọjá lórí “s” tó ní àmì lẹ́yìn orúkọ. “He's here”, “is” ló wà níbẹ̀. “He's gone”, “has” ni. “Bọ́lá's shop” kì í ṣe àgékúrú rárá, ó ń sọ pé Bọ́lá ló ni ṣọ́ọ̀bù ni. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó jẹ́. Ní ti “it's” tó lámì àti “its” tí kò lámì, ẹ tú u wò. Bí “it is” tàbí “it has” bá bọ́ síbẹ̀ láìda gbólóhùn rú, ẹ sàmì sí i. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ má sàmì. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe “you're” àti “your”. Àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bí ń ṣì í kọ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ wọn tilẹ̀ ń kọ “should of” dípò “should've”, nítorí pé ohun tí etí wọn gbọ́ nìyẹn.

Ìgbà wo wá ni a kì í gé e? Lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé sí iléeṣẹ́ ìjọba, ìwé àdéhùn, àti lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ nínú ìdánwò WAEC: ẹ kọ ọ́ ní kíkún níbẹ̀. Nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, ẹ gé e, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ní 1710, òǹkọ̀wé Jonathan Swift bínú gidigidi nínú ìwé àtìgbàdégbà The Tatler sí bí àwọn èèyàn ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúkúrú. “Can't” wà lára àwọn tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Swift lọ, “can't” ò lọ.

Lẹ́nu náà, ìgbà kan wà tí wọn kì í gé e: ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn á ní, “I did not take that money”, bí àwa náà ṣe máa fi “mi ò mú u” sílẹ̀ tí a ó sọ pé, “Èmi kò mú owó yẹn.” Ìyá tó bá dojú kọ ọmọ rẹ̀ tó sọ pé, “You will not go out tonight”, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ wa tó jẹ́ pé èyí tó gùn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi tíì lọ̀ ọ́ nílé ẹni ẹlẹ́ni, ó ní, “I do not want tea.” Ó rò pé òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó péye. Ẹni tó gbé tíì dání ń ronú pé kí lòun ṣe fún un. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń jà fún àgékúrú nìyí. Ẹni tí kò ní in lẹ́nu á máa dà bí ẹni tó ń bá èèyàn jà, kò sì ní mọ̀.

“Gonna” àti “wanna” tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nínú fíìmù ńkọ́? Ẹ gbọ́ wọn yé, ó tó. “Going to” àti “want to” ni wọ́n. Ẹ má kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ má sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, “I'm”, “it's”, “don't” àti “can't” tó fún ọ̀sẹ̀ yìí. Rédíò tó wà níwájú yín wúlò fún un. Nígbà ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fetí sí ẹni tó ń ka ìròyìn, kẹ́ ẹ wá fetí sí ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìwé ló wà níwájú ẹni àkọ́kọ́, ti ìkejì ń tẹnu rẹ̀ jáde ni. Ẹ ó gbọ́ pé àgékúrú pọ̀ lẹ́nu ẹni kejì yẹn.

Ó yá, kí àkókò wa tó lọ. Mo máa sọ gbólóhùn gígùn, ẹ̀yin ẹ gé e kúrú, ẹ pè é sókè níbi tẹ́ ẹ wà kí n tó sọ tèmi.

“I am a trader.” (Ìdákẹ́ díẹ̀.) “I'm a trader.”

“My brother does not live here.” (Ìdákẹ́ díẹ̀.) “My brother doesn't live here.”

“She has gone to the market.” (Ìdákẹ́ díẹ̀.) “She's gone to the market.” “Has” ló wà nínú ìyẹn o, kì í ṣe “is”.

“We will not close on Saturday.” (Ìdákẹ́ díẹ̀.) “We won't close on Saturday.” Ẹ ká ètè dáadáa: wo-o-o, won't.

Èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n bi yín pé, “Is your shop open?”, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní ṣíṣí. Ẹ fi ìdáhùn kúkúrú dá wọn lóhùn. (Ìdákẹ́ díẹ̀.) “Yes, it is.” Ẹni tó bá sọ “Yes, it's”, kó tún un sọ pẹ̀lú mi: “Yes, it is.”